Etí Inú Agolo

Ìwọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tí kì í rìn,
dúdú bí kóró iṣin,
ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi lẹ́ẹ̀dì kàn ọ́ mọ́ pátákó,
ẹ̀ẹ̀mẹta lo ké mọ́ mi.

Èmi ni mo jẹ̀bi. Mo ní kí o sọ ọ̀kan di ẹgbẹ̀rún
lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí o sì tún máa sáré.
Ta ló ń ru àpò àgbàdo mẹ́wàá tó ń bá ẹtu díje?
Ọyèékànmí, ọ̀gá mi, kò bú mi.
Ó ní, "Pín ẹrù náà fún mẹ́ta.
Ṣùgbọ́n ẹni àkọ́kọ́ ni kó o fara balẹ̀ yàn:
bó bá fi irọ́ bíńtín kún ọ̀rọ̀,
irọ́ ọ̀hún làwọn tó kù yóò máa pariwo."

Nínú yàrá mi lẹ́yìn Tákíè
mo lé ariwo jáde bí ẹni ń lé ewúrẹ́.
Iná ìjọba ń kùn: mo yọ wáyà rẹ̀, mo so bátìrì méjì.
Jẹnẹrétọ̀ Ìyá Àdùnọlá ń ta bí àgbàdo nínú agbada:
mo kó gbogbo rẹ̀ sínú agolo mílíìkì,
mo fi lẹ́ẹ̀dì dé e pa.
Ó wá ku ẹyọ kan tí kò lọ,
ṣììì, bí òjò lórí páànù ọ̀nà jíjìn.
Mo wá a títí ilẹ̀ fi fẹ́ mọ́.
Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà:
ara rẹ̀sísítọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń gbọ̀n,
nítorí ó lóoru lára, bíi tèmi, bíi tìrẹ.
Mo yọ ńlá, mo fi kékeré rọ́pò.
Òjò náà fà sẹ́yìn. Kò dá.

Ní Sátidé a gba ọ̀nà Ìkòyí-Ilé
lọ sóko kaṣú Bàbá Láléyẹ.
Mo fi abẹ́rẹ́ gún èèpo igi, mo so agolo mọ́ ọn.
Ìdin ń bẹ nínú igi, ó ń fi eyín já fọ́nrán rẹ̀:
pá. Pápá.
Ohùn tí ẹsẹ̀ èèrà ga jù lọ,
tó wúwo nísàlẹ̀, tó mú bérébéré lókè,
tó ti kọjá kí etí tó lọ́ra tó ṣí.

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Igi wo? Èyí?
Ẹ wo ìyẹ̀fun nídìí rẹ̀. Mo ti mọ̀ láti oṣù Ẹrẹ́nà."
Ojú tì mí.
Ó nawọ́ sí òmíràn, èyí tí baba rẹ̀ gbìn,
ewé rẹ̀ ń dán, ìdí rẹ̀ mọ́ bí àwo àlejò.
"Ẹ gbọ́ tibí, kẹ́ ẹ lè rí i pé kò sí nǹkan."

Mo gún un. Mo dúró. Òjò ọ̀nà jíjìn nìkan.
Lẹ́yìn náà, pá.

N kò sọ̀rọ̀. Mo ki íápíìsì bọ̀ ọ́ létí.
Ó tẹ́tí títí òòrùn fi kúrò lórí fìlà rẹ̀,
ó yọ ọ́, ó nù ún mọ́ bùbá, ó dá a padà.
"Bátìrì yẹn," ó ní, "èló lẹ ń rà á?"