Ìṣẹ́jú Kẹtàdínlógún

Lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀, a jẹ búrẹ́dì, mo nu tábìlì.
Bíbélì wà lápá ọ̀tún, ìwé ìṣirò lápá òsì,
kọ̀m̀pútà alágbèéká ọkọ mi jókòó sáàárín,
ìdá mẹ́ta péré nínú mẹ́wàá ló kù nínú bátìrì rẹ̀,
iná kò sì fojú hàn láti àná.
Ilé ìwé wa nìyí, lójú ọ̀nà Ọ̀dà, ní Àkúrẹ́:
kò ní agogo, kò ní yúnífọ́ọ̀mù,
àwa méjèèjì la jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ọlọ́run pé a óò kọ́ wọn nílé.
Aládùúgbò wa ṣì ń bi mí pé
ìgbà wo ni họlidé àwọn ọmọ yìí máa parí.

"Ìtàn ló kàn," ni mo wí.
Ìyíolúwa ti gun orí àga, Akinfọlárìn ti pariwo.
Wọn kì í pariwo báyìí fún ìṣirò.

Ọkùnrin kan ni, ó dé adé páálí,
ó ń ròyìn àwọn ọba ilẹ̀ òkèèrè bí olófòófó:
ọba tó sanra ju pósí rẹ̀ lọ,
ayaba tó ń fi òjé kun ojú kó lè funfun.

Èmi náà kọ́ ìtàn rí, láyé pátákó dúdú:
ọdún, orúkọ, ọdún, orúkọ,
ẹgba lẹ́yìn ọwọ́ fún ẹni tó bá gbàgbé.
Mo ti gbàgbé gbogbo rẹ̀ o. Ẹgba nìkan ni mo rántí.
Ìyẹn ni mo ṣe gba adé páálí láyè nílé mi.

Síbẹ̀ ọkàn mi kò balẹ̀ tán.
Mo ti kọ́kọ́ dá wò ó lóru, etí mi kan lára ilẹ̀kùn,
mo kọ ìṣẹ́jú tí màá fò sínú ìwé:
ibi tí wọ́n ti búra,
ibi tí wọ́n ti fi àlùfáà ṣe yẹ̀yẹ́.
(Àlùfáà yẹn jọ alàgbà kan tí mo mọ̀.
Mo rẹ́rìn-ín, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí n fò ó.)
Oorun ló gbé mi lọ kí n tó wò ó tán.

Bí àjàkálẹ̀ àrùn ṣe bá mi lójijì nìyẹn:
eku mẹ́jọ wọ bàtà, wọ́n ń jó,
wọ́n ń ka òkú bí ẹni ń ka góòlù.
Àwọn ọmọ mi ṣubú lulẹ̀ fún ẹ̀rín.

Ìyá ọkọ mi jókòó lẹ́yìn wọn, ó ń ṣa ẹ̀wà.
Láti Òkè-Lísà, ní Òǹdó, ló ti wá kí wa.
Ojú rẹ̀ rí bí erùpẹ̀ tí àkọ́rọ̀ òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ kán sí.
A kì í sọ̀rọ̀ àpá náà nílé yìí.
Nígbà èwe rẹ̀, wọn kì í pe àrùn ọ̀hún lórúkọ,
"ilẹ̀ gbóná" ni wọ́n ń wí, kó má baà gbọ́, kó má baà yà.

Mo sáré tẹ bọ́tìnnì. Àwòrán dúró gbagidi.
Eku kan gbẹ́sẹ̀ sókè, kò ríbi gbé e lé.

"Kí ló dé?" ni Màmá wí. "Ṣé bátìrì ti kú ni?"
Ẹyọ ẹ̀wà kan wà láàárín ìka rẹ̀, omi wà lójú rẹ̀.
Omi ẹ̀rín ni.

"Àwa mẹ́fà ni wọ́n kó sí ahéré kan lóko,
ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀ fún wa.
Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin a máa sín wolé-wolé jẹ,
bó ṣe ń fi áńkáṣífì bo imú, bó ṣe ń rìn bí ẹni tẹ ẹ̀gún.
A rẹ́rìn-ín títí egbò ara wa fi ń ya.
Nígbà tílẹ̀ mọ́, àwa márùn-ún la jí."

Akinfọlárìn dìde nílẹ̀.
"Kí lorúkọ rẹ̀, Màmá?"
"Orúkọ rẹ ni."

Ọmọ náà lọ jókòó tì í, ó ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀wà,
òkúta tó ṣà kò pọ̀, ẹ̀wà gidi ló ń jù nù.
Màmá kò bá a wí.
"Tàn án padà," ló sọ fún mi,
"jẹ́ kí n mọ ibi tí eku yẹn máa gbẹ́sẹ̀ lé."

Mo fa ìwé mi yọ kí n tó tẹ̀ ẹ́.
Ìṣẹ́jú kẹtàdínlógún, ni mo kọ:
má fò ó.