Abẹ̀ṣẹ́kù-bí-òjò ní Ìkẹ́rẹ́

Lára ilẹ̀kùn pátákó ìsọ̀ Bámiṣilẹ̀ fọkanáísà,
nísàlẹ̀ Olósùnta, lẹ́bàá ọ̀nà Adó,
orúkọ mẹ́wàá ni wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ.
Kì í ṣe orúkọ onígbèsè,
bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn yẹn náà wà níbẹ̀,
wọ́n fi ìlà kan yà wọ́n sọ́tọ̀ nísàlẹ̀.
Àwọn abẹ̀ṣẹ́kù-bí-òjò ayé ni,
àwọn tó wúwo jù, látayébáyé,
tí a ń tò, tí a ń tú, láti bí ọdún mẹ́ta.

Tíṣà Adéọ̀ṣun ní ká ka ìjà tí wọ́n jẹ.
"Ìṣirò kì í ṣègbè," ló wí,
ó gbé ẹni tí ẹnikẹ́ni ò dá rí sókè téńté.
Fátúnlà káfíńtà fa tépù yọ lápò:
"Apá ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká wọn apá!"
Ó wọn tiẹ̀. Ó kúrú.
A rẹ́rìn-ín títí afẹ́fẹ́ fi kún táyà ọlọ́kadà kan jù,
tó bẹ́ gbòlà.

Ṣèyífúnmi, ọmọ iṣẹ́, gbé fóònù sókè:
ẹni tí tiẹ̀, ìṣẹ́jú kan àbọ̀,
ó ti sọ gìrìpá di aṣọ sísá.
"Ṣé èyí tó gé etí ẹlẹ́gbẹ́ ẹ̀ jẹ?"
"Ebi ló ń pa á."
"Ẹ yọ ọ́!" "Ẹ dá a padà!"
Ojú kan yẹn lára pátákó ti funfun báláú,
à ń pa á rẹ́, à ń kọ ọ́.

Bàbá Ìbítóyè kì í bá wa dá sí i.
Orí táyà tírélà ló máa ń jókòó sí,
a kọ etí ọ̀tún sí wa, torí etí òsì ti kú
láti ìgbà tó ń kan ẹ̀ṣẹ́ ní bárékè, ní Kàdúná.
Ìjà kan ṣoṣo ló jà. Kò kọjá ráùndì kẹta.
Lọ́jọ́ náà ló là á:
"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tò wọ́n bí ẹni to usu sórí àtẹ,
ta ni wọ́n ti kàn lẹ́ṣẹ̀ẹ́ rí nínú yín?"

Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ nìkan ló dáhùn.

"Èmi ò mọ bẹ́líìtì," ni Bàbá wí.
"Mo rí ọ̀kan nínú tẹlifíṣọ̀n sájẹ́ǹtì wa.
Ọ̀tá rẹ̀ ń wó bọ̀, ó ń pòòyì bí igi tí àáké ti yó,
ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti ká, ó ti múra,
ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣí sílẹ̀ gbayawu.
Kò jù ú.
Ó ń wò ó, títí ulẹ̀ fi gbà á.
Ẹ̀ṣẹ́ tí kò jù yẹn lèmi kà.
Ẹni tó kàn mí ní Kàdúná,
mo ti ń ṣubú lọ kó tó fi èkejì kún un.
Èkejì yẹn ló ni etí mi."

Tíṣà mú ṣọ́ọ̀kì, kò mọ ibi tí yóò kọ ọ́ sí,
ìṣirò ò ní àyè fún ohun tí kò ṣẹlẹ̀.
Fátúnlà ká tépù rẹ̀.
Ṣèyífúnmi wá ìjà náà kàn nínú fóònù,
ó dá a padà lẹ́ẹ̀kan, ó dá a padà lẹ́ẹ̀mejì.
"Òótọ́ ni, Bàbá. Kò jù ú."

Nígbà náà ni ìkùukùu orí Olósùnta di ìkúùkù.
Òjò dé sórí páànù, ọwọ́ òsì, ọwọ́ ọ̀tún,
kò bèèrè ẹni tó wúwo, kò bèèrè ẹni tó fúyẹ́.
A sá wọlé. Ilẹ̀kùn wà níta.
Ó nu ẹni kìíní, ó nu ẹni kẹwàá,
ó sọ̀kalẹ̀, ó nu àwọn onígbèsè,
ìyẹn ló dun Bámiṣilẹ̀.

Bàbá nìkan ni kò kúrò lórí táyà.
Etí òsì ló kọ sí òjò.
Ọlọ́kadà ń kígbe pé táà òun ńkọ́.