Ojú Ìwé Kẹrin

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Hull tutù bí inú fíríìjì;
nítorí owó gáàsì, wọn kì í tan híità láàárín ọ̀sẹ̀.
Fọlárànmí bọ́ bàtà ilé-ìwé,
ó wọ èyí tí awọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ́lẹ́,
tí a rà ní àlòkù lọ́wọ́ opó kan ní Beverley.
Ẹsẹ̀ ọmọ mi ń wá ọ̀nà lábẹ́ dùùrù ńlá, kò wolẹ̀,
bí ẹni tó jí lóru lọ mumi nílé bàbá rẹ̀.

Èmi ni mò ń bá a ṣí ìwé.
N kò mọ ọ̀kan nínú àwọn wóró dúdú wọ̀nyí;
bó bá ti mi orí, mo ṣí i.
Lójú ìwé kẹrin, ó kọsẹ̀. Ó tún un gbá. Ó tún kọsẹ̀.
“Mọ́mì, ẹ ti yára jù.”
Mo ní ó dáa.
Kì í ṣe èmi. Òun náà mọ̀.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ọkọ̀ ojú irin aago mẹ́fà, Manchester.
Àwọn mẹ́ta yóò jókòó tì í, bírò lọ́wọ́.
Wọ́n kọ̀wé pé àwọn ní ẹni tí yóò bá a ṣí ìwé.

Lóru, mo sùn, n kò sùn,
ọwọ́ mi ń ṣí etí aṣọ ìbora.