Èékánná

Ọjọ́ kẹta rèé tí ọkọ̀ wa ti dúró lẹ́yìn Láfẹ́nwá,
ọkọ̀ tá a sọ dilé, ilé tó ń fi táyà mẹ́fà rìn:
bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn, sítóòfù lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé,
àti lábẹ́ ikùn rẹ̀, nínú àpótí irin,
jẹnẹrétọ̀ tí kò jẹ́ ìpè mọ́.

Ẹsẹ̀ Sùúrájù nìkan là ń rí.
Ó ń bá irin sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ṣìpẹ̀ fún ọmọ tó kọ oúnjẹ.
Nígbà tó yọjú, ọ́ìlì ti gun ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀.
"Bàbá, ríìngì ti jẹ. Fáàfù kan ti tẹ̀.
Mo ti ṣí orí ẹ̀. Ẹ fi èékánná fa inú sìlíńdà yẹn wò:
bó bá yọ̀, màá gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń yí irin ní Kútọ̀,
ọ̀kẹ́ mẹ́sàn-án náírà, ó parí.
Bó bá há, ẹ má jẹ́ kí n jẹ owó yín lásán."
Mo ní ọwọ́ mi mọ́. Mo ní ó di ọ̀la.

Adétọ̀míwá pè láti Ìlọrin, níbi tá à ń lọ:
"Ẹ jù ú nù. Ogójì ọ̀kẹ́ ni tuntun, kì í pariwo,
epo tí tiyín ń mu lọ́jọ́ kan, ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń lá a."
Ó rọrùn lẹ́nu ẹni tó jókòó sábẹ́ fáànù.
Mo fi téèpù wọn àpótí:
tuntun fi ìka mẹ́rin ga ju ẹnu ọ̀nà ibùgbé rẹ̀ lọ.
A ó gé irin, a ó jó irin, a ó sún táńkì omi.
Ta ní í ra fìlà tuntun kó tó lọ gé etí?

Èyí ló tanná fún wa ní Ìmẹ̀kọ, lóru tí òjò gbé afárá.
Ó yí fáànù lórí ọmọ-ọmọ wa tí ibà dè mọ́lẹ̀ ní Ṣakí.
Mo mọ ohùn rẹ̀ bí mo ṣe mọ ikọ́ ìyàwó mi.
(Ó já wa sílẹ̀ ní Ìgbòho, lẹ́ẹ̀mejì. Èyí náà wà níbẹ̀.)

Ìbíwùmí ń bó ọsàn, kò gbójú sókè.
"Nígbà tí dókítà Ìdí-Àbà ní orúnkún rẹ ti jẹ,
ta ló ní ká pààrọ̀ gbogbo bàbá?"
Mo ní, "Orúnkún mi ò gba ọ̀kẹ́ mẹ́sàn-án."
Ó ní, "Òótọ́ ni, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.
O ò sì tíì dé Ìlọrin."
Sùúrájù sá padà sábẹ́ ọkọ̀ lọ rẹ́rìn-ín.

Lálẹ́, wọ́n mú iná lọ.
Jẹnẹrétọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hó láti Ìtọ̀kú títí dé Ìbarà,
àwọn òkè ń ju ariwo náà síra wọn bíi bọ́ọ̀lù.
Tiwa nìkan ló dákẹ́.
Mo gbé tọ́ọ̀ṣì, mo kúnlẹ̀ lórí orúnkún tó kù,
mo tọwọ́ bọ ẹ̀rọ náà. Ó tutù bí òkúta odò.
Mo fi èékánná àtàǹpàkò fà á.
Ó há.
Mo gbìyànjú ìka mìíràn,
bí adájọ́ tó ń wá ẹlẹ́rìí tí yóò parọ́ fún un.
Ó há.

Mo wọlé. Nínú òkùnkùn, ó bi mí, "Ńkọ́?"
Mo ní, "Ó há díẹ̀."
"Báwo ni díẹ̀ ṣe rí?"
N ò dá a lóhùn.
Lẹ́yìn náà mo ní ká bi Sùúrájù
bóyá ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, èyí kékeré tó ń wẹ nọ́ọ̀tì,
máa fẹ́ gbà á, kó máa tú u, kó máa tò ó.
Ó ní, "Ọmọ yẹn máa yọ̀."
Ó wá ọwọ́ mi títí ó fi rí i, pẹ̀lú ọ́ìlì tó wà lára rẹ̀,
ó fi awẹ́ ọsàn tó kẹ́yìn sí i.
Ọ̀la a ó gé irin.