Aago Mẹ́rin ti Lù ní Odògúnyán

Nígbà kan, èmi ni mo máa ń dé ṣáájú gbogbo wọn.
Bàbá Múkáílà á ṣì máa nu oorun lójú,
èmi á ti dúró lẹ́nu géètì
pẹ̀lú fúláàsì tíì àti kọ́kọ́rọ́ sítọ̀.
Mo mọ iye fóòmù tó wà nílẹ̀ láìwo ìwé:
aláwọ̀ ewé ogójì, aláwọ̀ aró méjìdínlógún,
àti ọ̀kan tí eku jẹ létí, tí a ò rí tà.

Ìgbà Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀sífẹ̀sọ̀ nìyẹn.
Á ní, "Ràfátù, ẹsẹ̀ ìyá rẹ ńkọ́?"
Kò fi kọ́bọ̀ kún owó oṣù mi rí,
ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ìyá mi lẹ́sẹ̀.

Wọ́n gbé e lọ sí Ọ̀tà. Wọ́n rán Adésànwò wá.
Oṣù mẹ́ta gbáko, "Ìwọ Sítọ̀" ló ń pè mí,
bí ẹni pé inú páálí ni wọ́n bí mi sí.
Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo ka ẹrù títí di aago mẹ́sàn-án,
mo rí àṣìṣe tí ì bá gba
ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó náírà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́.
Nígbà tí àwọn ọ̀gá Ìkẹjà dé,
"Èmi ni mo rí i," ló wí.
Èmi ni mò ń gbé omi inú ike kiri fún wọn.

Ohun kan jókòó nínú mi lọ́jọ́ náà, kò dìde mọ́.

Wọ́n ní iṣẹ́ kì í pani, ìṣẹ́ ní í pani.
Ẹni tó pa á lówe, fóònù rẹ̀ kò dún rí
ní aago mọ́kànlá òru ọjọ́ Àìkú.

Nítorí náà ni mo ṣe ń sin fóònù sínú garawa ìrẹsì
bí aago méje alẹ́ bá ti lù.
Á máa gbọ̀n níbẹ̀ bí ọ̀pọ̀lọ́ tí wọ́n da igbá dé.
Àṣàbí ọmọ mi á rẹ́rìn-ín:
"Màámi, ìrẹsì ń pè yín o."
Jẹ́ kó máa pè. Ìrẹsì kò lè lé mi lẹ́nu iṣẹ́.

Aago mẹ́rin báyìí, mo ti wọ bàtà.
Ohun tí wọ́n gbà mí fún ni mò ń ṣe, kò lé, kò dín.
Fóòmù kan bọ́ sẹ́rẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.
Láyé ọjọ́sí, ǹ bá ti sáré gbé e, ǹ bá fi ìró mi nù ún.
Mo kọ ọ́ sílẹ̀: ọ̀kan, ẹrẹ̀.
Ó sì dùn mí. Mi ò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni.
Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ náà lọwọ́ ń yún mi.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo kọjá lára ọkọ̀ rẹ̀ nídìí géètì.
Gíláàsì ṣí díẹ̀. Ó fi fóònù sétí,
ó ń dọ̀bálẹ̀ lórí ìjókòó:
"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ má bínú, sà. Lálẹ́ yìí náà, sà."
Òógùn bo ọrùn rẹ̀
bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tó sọ ṣéńjì nù.
Ó ṣe mí bíi kí n sọ fún un nípa garawa ìrẹsì.
Àmọ́ aago mẹ́rin ti fi ìṣẹ́jú mẹ́fà kọjá,
kẹ̀kẹ́ Ìta-Ẹlẹ́wà sì ku èrò kan.