Píkọ́ọ̀pù

Nílé, ọkọ̀ ni píkọ́ọ̀pù ń jẹ́.
Ti bàbá mi ò ní ilẹ̀kùn lápá òsì.
Ó ń kó ẹ̀gẹ́ bọ̀ láti oko,
ó ń kó àwa ọmọ lé ẹ̀gẹ́ lórí.

Nítorí náà, nígbà tí ọ̀gá wa ní Hálífásì
pè mí pé ṣé mo lè píkọ́ọ̀pù ọjọ́ Sátidé,
mo ní, "Ọ̀gá, mi ò tíì mọ ọkọ̀ wà."
Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́.
Iṣẹ́ àfikún ló fi ń lọ̀ mí.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ yìí
bí ẹni ń ṣọ́ ewúrẹ́ aládùúgbò.
Kò sí ilé tí kì í wọ̀.
Wọ́n á píkọ́ọ̀pù fóònù tó ń ké.
Wọ́n á píkọ́ọ̀pù ìgbẹ́ ajá:
mo rí obìnrin kan lẹ́bàá odò,
ó fi ọ̀rá pọ́n ọn bí ẹni pọ́n ẹ̀kọ.
Wọ́n ní àwọn píkọ́ọ̀pù ikọ́ nínú bọ́ọ̀sì.
Ọjà kútà, wọ́n ní yóò píkọ́ọ̀pù tó bá di Kérésì.
Ọlọ́pàá píkọ́ọ̀pù ọmọkùnrin ilé kejì.
Atẹ́gùn náà ń píkọ́ọ̀pù lórí òkè,
ó já agbòòrùn mi gbà,
agbòòrùn tí kò gba oòrùn kankan rí.
Mojírayọ̀ mi, ọmọ ọdún méje,
ti píkọ́ọ̀pù ohùn wọn.
Ìgbà àkọ́kọ́ tó pè mí ní "Múùm",
mùmú ni mo gbọ́. Díẹ̀ ló kù kí n fọ́ ọ létí.

Mo ní àwa ò kí ń ṣe bẹ́ẹ̀.
Owó tó bọ́ sílẹ̀, a he é ni.
Àgbálùmọ̀ abẹ́ igi, ṣíṣà là á ṣà á.
Àìsàn, a kó o.
Ẹni tó ṣubú, a fà á dìde,
"pẹ̀lẹ́" á ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí ọwọ́ tó dé.
Ta ló sọ fún wọn pé ọwọ́ kan náà ló ń ṣe gbogbo rẹ̀?

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ó ku díẹ̀ kí n ṣíwọ́,
Ọ̀gbẹ́ni Ákíróòdì ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.
Ogójì ọdún ló fi hun kápẹ́ẹ̀tì nílùú yìí;
kápẹ́ẹ̀tì náà ló gbà á sílẹ̀.
Mo nawọ́. Òfin ilé iṣẹ́ dì mí lọ́wọ́ mú:
a kì í fọwọ́ gbé ẹni tó bá ṣubú,
ká dúró de ẹ̀rọ, ká dúró de ẹnì kejì.
Ẹnì kejì wà ní àjà kẹta.
Ẹ̀rọ ń gba iná lọ́wọ́.
Mo bá dùbúlẹ̀ tì í.
Àwa méjèèjì ń wo àjà, àbàwọ́n omi kan wà níbẹ̀
tí mi ò rí rí ní ọdún mẹ́ta.

Ó ní, "Lédè yín, kí lẹ ń pè é,
kí èèyàn píkọ́ọ̀pù èèyàn?"
Mo ní, "Gbé."
Ó ní, "Gàbè."
Mo ní ó ku díẹ̀. Ó tún un wí.
Ó ń wá ohùn náà káàkiri ẹnu rẹ̀
bí ẹni ń ṣa ìlẹ̀kẹ̀ tó já.

Fóònù gbọ̀n nínú àpò mi. Ilé ìwé ni.
Mẹ́ta ti kọjá pẹ̀lú ogún ìṣẹ́jú:
ta ló ń bọ̀ wá mú Mojírayọ̀?
Mò ń wò ó bó ṣe ń gbọ̀n.
Ibẹ̀ ni mo rántí pé gbígbé la ń gbé fóònù,
gbígbé la ń gbé ọmọ,
arúgbó náà, gbígbé ni.
Tiwa náà ní ewúrẹ́ tí ń wọlé kiri.

"Gbé e," ni bàbá wí.
Ohùn rẹ̀ lọ sókè níbi tó yẹ kó lọ.
Mi ò mọ̀ bóyá fóònù ló ń wí,
tàbí ọmọ, tàbí ara rẹ̀.

Mo gbé e.
Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kó jókòó dè mí.
Ọ̀rẹ́ mi kan ló ṣubú."