Ìwé Owó Ọjọ́bọ̀

Ìwé àádọ́ta ojú-ewé ni, epo ẹ́ńjìnnì ti gba èèpo rẹ̀,
nítorí èmi tí wọ́n ní kí n máa tọ́jú rẹ̀
ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni mò ń tún ṣe l'Ẹ̀pẹ́ níbí.
Ọmọ mẹ́jọ. Ẹgbẹ̀rún méjì náírà lórí ọmọ kan lọ́sẹ̀.
Sẹ́míátù tó ń yan ẹja kì í rówó san bí ọ̀sà bá ń ru.
Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé: òbòkún mẹ́ta.
Arábìnrin Ṣókẹ́yẹ gbà á bẹ́ẹ̀,
ó fi ìwé ìròyìn wé e, ó gbé e wọ mọ́tò,
ó di Ìtòkín, ó di Ìkòròdú.

Ráúfù mi kì í ṣe odi.
Tú bisikíìtì ní yàrá kejì, wàá rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ.
Àmọ́ ó pé ọmọ ọdún márùn-ún, ohùn nìkan ló wà lẹ́nu rẹ̀:
"ọ-ọ̀" ni ọkọ̀, "a-ù" ni Ráúfù fúnra rẹ̀.
Ó ń gòkè níbi tó yẹ kó gòkè, ó ń sọ̀ níbi tó yẹ kó sọ̀,
ọ̀rọ̀ bí ẹja tí a yọ eegun rẹ̀ tán
tó ṣì ń lúwẹ̀ẹ́.
Ìyá rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́ ọ.

Ìyá tèmi ní ká bu omi inú agogo fún un mu. A bù ú.
Ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n gé okùn abẹ́ ahọ́n rẹ̀.
Mo ní abẹ kò ní dé ẹnu ọmọ mi.
"Ṣebí ìwọ náà pẹ́ kó o tó sọ̀rọ̀,
wò ó lónìí, ta ló lè pa ọ́ lẹ́nu mọ́?"

A gbé lẹ́tà lọ sí káńsù, ọ̀gá ò sí lórí ìjókòó.
A tún gbé òmíràn lọ, wọ́n ní ti àkọ́kọ́ dà?
Nígbà tó yá wọ́n ya àwọn ọmọ ní fọ́tò,
wọ́n ní ká rẹ́rìn-ín, a rẹ́rìn-ín.
Ẹ̀rín wa ṣì wà lára ògiri wọn lọ́hùn-ún.
Owó ò tíì dé.

Yàrá àwọ̀n lẹ́yìn ilé Alàgbà Kúforíjì ni wọ́n yá wa, ní Pópó-Ọ̀bà.
Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Ṣókẹ́yẹ kó àwòrán dé:
ọkọ̀ ojú irin, èso pupa kan, ọkùnrin tí a fi yìnyín mọ.
Àwọn ọmọ ń wò ó bí ẹni ń wo ìwé owó orí.
Lọ́jọ́ kejì, ike omi ló gbé wá,
ó ṣí i, akàn ni, ààyè ni,
ó ń ta èékánná mọ́ ara ike: k, k, k.
"Ẹ gbọ́ ohun tó ń sọ. Ẹ̀yìn ọ̀fun ló ti ń wá."
Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣe é nídìí iṣẹ́, k, k,
kí n lè kọ́ ọmọ bí mo bá délé.
Oníbàárà kan bu omi fún mi. Ó rò pé eegun há mi lọ́fun ni.

Àìkú tó kọjá, dígí tá a fi ń kọ́ ọ ní ẹnu fọ́.
Ìyá rẹ̀ ní ta ló fọ́ ọ?
Ráúfù wo ilẹ̀, ó wo ológbò,
ó ní, "Èmi kọ́."

Irọ́ gbuu. Èèkù dígí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.
Àmọ́ k náà wà níbẹ̀, ó le, ó gbẹ, ó ta bí èékánná akàn,
ọwọ́ ìyá rẹ̀ tó ti gbéra fún ìgbátí
dúró sókè, kò mọ ibi tí yóò sọ̀ sí.

Lálẹ́ mo ṣí ìwé.
A jẹ Ṣókẹ́yẹ ní owó mọ́tò ọ̀sẹ̀ méjì.
Lábẹ́ "owó tó wọlé" mo kọ ọ́: Èmi kọ́. Ráúfù.
Mo fa ìlà sí i nídìí.
Lẹ́yìn náà mo rántí pé a gbọ́dọ̀ ra dígí.